Ọjọ́ kan péré ni mo ní ní Kolkata: ta ló ti dé ilé Kali ní Kalighat rí?

ÌyáAláàpò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Àpò aláwọ ni mo ń tà, Mushin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Tó bá di ìparí oṣù kọkànlá, màá tún lọ sí Kolkata, ní Íńdíà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá mi rán àpò. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, láti òtẹ́ẹ̀lì dé ibi iṣẹ́, láti ibi iṣẹ́ dé pápákọ̀ òfurufú, ibẹ̀ ló parí sí. Mi ò rí ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti pinnu pé màá rí ohun kan tí mo lè ròyìn fún àwọn ọmọ mi, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni tẹ́ḿpìlì Kali, òrìṣà obìnrin àwọn Híńdù, tó wà ní àdúgbò Kalighat, torí kò sẹ́ni tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí kò dárúkọ rẹ̀. Kódà awakọ̀ tó gbé mi, bó ṣe ń kọjá níwájú ojúbọ kékeré kan lẹ́bàá títì, ó fọwọ́ kan iwájú orí, ó fi kan àyà, mọ́tò sì ń sáré lọ.

Ìyàwó kọ́sítọ́mà mi ló yẹ kó mú mi lọ, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Èmi nìkan ni màá dá lọ, Sátidé nìkan sì ni ọwọ́ mi dilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù wọlé? Mo gbọ́ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń já owó gbà lọ́wọ́ àlejò bí àgbèrò Ọ̀ṣòdì. Mo tún gbọ́ pé wọ́n ń pa òbúkọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í bá ojú mi mu rárá. Tí wọ́n bá ń dúńbú àgbò Iléyá ládùúgbò wa, yàrá ni mo máa ń sá sí. Aṣọ ńkọ́? Ṣé ìró àti bùbá kò burú? Baálé mi ní kí ni mo ń wá lọ sílé òrìṣà. Mi ò tíì dá a lóhùn.

ỌmọBọ́ọ̀lù_Kolkata
Àǹtí, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ọ̀rọ̀ kan kí n tó sáré lọ síbi ìdánrawò: ẹ má lọ ní Sátidé o. Túsìdeè àti Sátidé ni ọjọ́ Kali. Èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní mọ ẹni tó tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tí òṣùpá kì í yọ náà. Màá kọ ìyókù lálẹ́.

Arìnrìnàjò_Abẹ́òkúta
Ẹ má wulẹ̀ fi ọjọ́ yín ṣòfò, màdáámú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Híńdù dé iwájú òrìṣà. Ojú mi ló ṣe. Mo sin bàbá mi lọ sí Madurai, nísàlẹ̀ Íńdíà, torí àìsàn ojú rẹ̀, a wá yà sí tẹ́ḿpìlì Meenakshi, òrìṣà obìnrin lòun náà. A rìn káàkiri, a rí àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ bíi ti idán, a rí odò àtọwọ́dá tó wà láàárín ọgbà. Ìgbà tó ku ká wọ inú lọ́hùn-ún, pátákó kan ló ki wá káàbọ̀: ẹni tí kì í ṣe Híńdù kó dúró síbí. Bàbá mi ní, "Ṣé ohun tí mo fojú mi wá wò nìyí?"

ỌmọBọ́ọ̀lù_Kolkata
Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n Arìnrìnàjò, òótọ́ ni ti Madurai, ṣùgbọ́n Madurai kọ́ ni Kolkata. Ilẹ̀ àwọn Tamil ni tọ̀hún, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ilẹ̀ Bengali ni tiwa, apá ìlà oòrùn. Bí ilé kan ṣe ń ṣe kọ́ ni òmíràn ń ṣe. Ní Puri, tẹ́ḿpìlì Jagannath, ẹni tí kì í ṣe Híńdù kò gbọdọ̀ ré ẹnu ọ̀nà ìta kọjá rárá. Kalighat kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní ẹ̀sìn mi. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni, "Dada, ẹgbẹ́ wo lò ń gbá fún?" (Dada lédè wọn ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, kì í ṣe Dàda onírun tiwa. Ẹ̀yin, Didi ni wọ́n máa pè yín.) Láti ayé Chima Okorie tó gbá bọ́ọ̀lù fún East Bengal, Mohun Bagan àti Mohammedan Sporting, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá ti rí ní Kolkata, agbábọ́ọ̀lù ni. Ẹ fọkàn sí i pé wọ́n á bi yín bóyá ọkọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀nà: ẹ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wà ní gbogbo Íńdíà, láti 1984, kò sì wọ́n, rúpì 5 ni owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Kalighat, kì í ṣe ibi tó jìnnà mọ́. Láti oṣù kẹrin 2025 wọ́n ti ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan láti ojú títì ńlá dé ẹ̀bá tẹ́ḿpìlì. Tẹ́lẹ̀, inú òpópónà tóóró yẹn lèèyàn máa ń gbà, tòun ti kẹ̀kẹ́, alágbe, màlúù àti ẹni tó ń fà yín lápá.

Bàtà: àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta òdòdó àti àdídùn á máa pè yín pé kí ẹ wá bọ́ bàtà sọ́dọ̀ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọjà ni ẹ máa rà. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ná an kí ẹ tó bọ́ bàtà. Ẹni tó bá ti bọ́ bàtà tán kò lẹ́nu ìnájà mọ́.

Aṣọ: ìró àti bùbá dára ju ohunkóhun lọ, wọ́n á rò pé ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìró yẹn le dáadáa. Nínú ìlà, ọwọ́ mẹ́wàá ló máa ń ti èèyàn, àtúnró kò ṣeé ṣe. Ẹ má sì gbé àpò aláwọ lọ. Awọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ nítòsí òrìṣà.

ÌyáAláàpò
Awọ kẹ̀! Iṣẹ́ mi ni wọ́n kọ̀ yẹn. Ó dáa, màá fi owó sí ìbàdí.

Sísí_Ojúẹlẹ́gbà
Ìbàdí gan-an ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì so ó ní kókó mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíì má bàa kó sí i. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó so òwú mọ́ àyà, ló pàdé mi lójú ọ̀nà. Ó ní àwòrò lòun, ìjọba ló yan òun, ọ̀fẹ́ ni. Ó mú mi gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó sì yára lóòótọ́. Ó fi òdòdó pupa àti ìrẹsì díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun lẹ́nu. Ó bi mí lórúkọ bàbá mi, orúkọ ìyá mi, ti ọkọ mi, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó so òwú pupa mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Inú mi ń dùn, mo rò pé àdúrà ni. Àṣé ó ń ka orí ni. Ló bá ṣí ìwé kan sílẹ̀, orúkọ àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, 5,000, 7,000, 10,000 rúpì ló wà níwájú orúkọ wọn. Ó ní orí èèyàn mélòó ni mo gbàdúrà fún? Mo ní mi ò ní. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní mo ti gbàdúrà lórúkọ ọmọ, tí mi ò bá sanwó rẹ̀, ó kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin abiyamọ, ta ló fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo san 2,000. Ìgbà tí mo dé òtẹ́ẹ̀lì tí ara mi balẹ̀ ni mo rí i pé biro kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo owó inú ìwé yẹn.

Torí náà: ẹ má dárúkọ ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so nǹkan mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Olóyè_Ìjẹ̀bú
Ó dùn mí fún Sísí, ṣùgbọ́n "ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn" yẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ, mo gba panda (bí wọ́n ṣe ń pe afinimọ̀nà ojúbọ nìyẹn), kò sì sí wàhálà kankan, torí ìta gbangba la ti fẹnu kò. Mo ní, "Rúpì 300, kò sí ìwé, kò sí òwú, kò sí àfikún." Ó ní 1,000. A pàdé ní 400. Ó fi gbogbo igun ibẹ̀ hàn mí. Ẹni tó bá dá wọlé, òbítíbitì èrò ló máa rí, á sì jáde láìmọ ohun tó wò.

Ẹ tún jẹ́ ká ya ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn àwòrò gidi ibẹ̀, ìdílé Haldar, àjogúnbá ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti pọ̀ gan-an, wọ́n sì pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn ló ń bójú tó ìyá (Kali ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), òun náà ló ni ohun tó bá wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó dúró sójú títì tó ń sọ pé ìjọba yan òun, ọmọ ìta ni. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ wọ́n ọn síwájú òrìṣà fúnra yín, ẹ má fi lé ẹnì kankan lọ́wọ́.

Sísí_Ojúẹlẹ́gbà
Olóyè, ọkùnrin ni yín, ẹ sì ga. Ẹni tó bá rí obìnrin kan ṣoṣo kò ní bá a ná 400.

Olóyè_Ìjẹ̀bú
Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Mo gbà.

Alágbàdúrà_Àfẹ̀mọ́jú
Ẹ má bínú o, ṣé kò sí ibòmíràn tí èèyàn lè wò ní gbogbo ìlú ńlá yẹn ni? Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kò sí? Ọgbà ẹranko kò sí? Obìnrin tó yọ ahọ́n síta, tó fi orí èèyàn ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ni ẹ ń fẹ́ lọ kí. Baálé yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

ỌmọỌya
Ìdí tí inú ayé fi ń bàjẹ́ nìyí. Obìnrin alágbára, tó ń ja ogun, tó súnmọ́ ibojì: ta ni ẹ rò pé ó jẹ́? Ọya ni! Àwọn ará Íńdíà kàn pe orúkọ rẹ̀ ní Kali ni. Ẹ lọ kí ìyá yín láyọ̀.

Tíṣà_Ìtàn
ỌmọỌya, rọra. Mo mọ ohun tó ń fà ọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí a bá ní Kali ni Ọya, a ti gba ìtàn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. Ọya ní odò rẹ̀, ó ní ìwo ẹfọ̀n rẹ̀, ó ní Ṣàngó rẹ̀. Kali ní tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa Kalighat rèé. Ọba kan wà tó ń jẹ́ Daksha, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Sati. Sati fẹ́ Shiva, òrìṣà onírun dídì tó ń fi eérú para, tó ń gbé etí ibi tí wọ́n ti ń sun òkú. Àna kò fẹ́ràn rẹ̀. Daksha wá se ètùtù ńlá, ó pe gbogbo òrìṣà, kò pe ọkọ ọmọ rẹ̀. Sati lọ láìpè, bàbá rẹ̀ sì bú ọkọ rẹ̀ lójú agbo. Kò lè fara dà á, ó sọ ara rẹ̀ sínú iná. Shiva gbé òkú ìyàwó kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó, ijó náà sì fẹ́ pa ayé run. Ni Vishnu, òrìṣà mìíràn, bá ju ohun ìjà rẹ̀ tó rí roboto bí àwo, ó ń gé òkú náà díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́rùn ọkọ rẹ̀, títí ọwọ́ Shiva fi ṣófo. Ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan bọ́ sí di ojúbọ. 51 ni wọ́n sábà máa ń kà wọ́n sí, kárí ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ló bọ́ sí Kalighat. Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wá síbẹ̀ kò wá wo ilé nìyẹn. Wọ́n gbà pé ìyá kan náà ni Sati àti Kali, torí náà ẹsẹ̀ ìyá ló wá kí.

Mo tún fẹ́ sọ nípa ọjọ́ orí ibẹ̀, torí wọ́n máa ń pàdé àlejò pẹ̀lú "ẹgbẹ̀rún méjì ọdún." Ìbọ náà ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ilé tí ẹ máa rí, 1809 ni wọ́n parí rẹ̀. Ìdílé Sabarna Roy Choudhury ló gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ orí abúlé mẹ́ta sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ East India àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1698, abúlé mẹ́ta tó padà di Kolkata. Ẹ wo òrùlé rẹ̀ dáadáa: ó tẹ̀ kọrọdọ bí òrùlé ilé koríko àwọn àgbẹ̀ Bengal, àmọ́ bíríkì ni. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ohun yòókù lọ. Wọ́n ní owó, wọ́n sì kọ́ ahéré fún òrìṣà wọn.

Ní ti ahọ́n tí Alágbàdúrà sọ, ìtìjú ni àwọn Bengali kà á sí. Wọ́n ní ìbínú ogun ló gùn ún, kò mọ̀gbà tó fẹsẹ̀ tẹ ọkọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Nígbà tó rí i, ó yọ ahọ́n, ó gé e jẹ. Ẹ máa rí obìnrin Bengali tó bá ṣàṣìṣe, bó ṣe máa ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé ó ń halẹ̀ ni ti ṣì í mú, àforíjì ló ń tọrọ.

Alágbàdúrà_Àfẹ̀mọ́jú
Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ mi ò ní lọ.

Ayọ̀_London
Ṣé ibì kan náà la jọ ń sọ? Èmi lọ sí ilé Kali ní Kolkata ní 2023, kò sí òpópónà tóóró kankan. Ọgbà fẹ̀ bíi pápá, odò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́ḿpìlì funfun gàgàrà tó ní ṣóńṣó mẹ́sàn-án, àti àwọn ilé Shiva 12 lórí ìlà. Ìlà wà létòletò. Kò sẹ́ni tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó jọ pé ẹ ń dẹ́rù ba obìnrin yìí lásán.

Tíṣà_Ìtàn
Dakshineswar lo lọ. Àríwá ìlú nìyẹn, létí odò Hooghly. Rani Rashmoni, opó ọlọ́rọ̀ kan, ló kọ́ ọ, 1855 ni wọ́n ṣí i. Ibẹ̀ ni Ramakrishna, ẹni mímọ́ Híńdù kan tó lókìkí, ti ṣe àwòrò. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan nínú ibi tí ẹ̀yà ara Sati bọ́ sí.

Ayọ̀_London
Háà. Ọdún méjì gbáko ni mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé mo dé Kalighat. Ẹ foríjì mí.

ỌmọBọ́ọ̀lù_Kolkata
Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kódà àwọn awakọ̀ lè gbé èèyàn lọ sí èyí tí kò fẹ́ tó bá kàn ní "Kali temple". Àǹtí, tí ẹ bá ní okun, ẹ lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan, ojú irin kan náà ló lọ, láti 2021 ló ti ń dé Dakshineswar. Àmọ́ wọ́n máa ń gba fóònù àti àpò lọ́wọ́ èèyàn kó tó wọlé níbẹ̀. Ní Kalighat, fóònù lè wà lára yín, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ níwájú òrìṣà. Wọn kò fẹ́ fọ́tò rárá.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kátólíìkì ni mí. Mo lo oṣù méjì ní Nirmal Hriday, ilé tí Mother Teresa ṣí ní 1952 fún àwọn tó ń kú lọ lójú títì. Alágbàdúrà ọ̀wọ́n, ǹjẹ́ o mọ ibi tí ilé yẹn wà? Ara ògiri tẹ́ḿpìlì Kali ló fara tì. Ilé ìsinmi àwọn arìnrìnàjò ìsìn ni tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn lórí òrùlé, agogo àwọn àwòrò ni mò ń gbọ́. Màmá yẹn kò sá fún wọn.

Nípa òbúkọ: òótọ́ ni. Inú ọgbà ni wọ́n ti ń pa á, ní gúúsù gbọ̀ngàn tó dojú kọ ibi tí òrìṣà wà. Igi méjì tí wọ́n ń ti ọrùn ẹran bọ̀ ló wà níbẹ̀, kékeré fún òbúkọ, ńlá fún ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n òbúkọ ni mo máa ń rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ́ ẹ, kì í jẹ̀rora pẹ́. Wọn kì í ṣe é níwájú ẹnu ilẹ̀kùn, ògiri pààlà rẹ̀, ẹni tí kò bá yà síbẹ̀ kò ní rí i. Wọ́n máa ń jẹ ẹran náà, kò sì ní àlùbọ́sà nínú. Ohun tí ẹ ò ní lè yẹra fún ni ilẹ̀ tútù. Omi ni, òdòdó ni, wàrà ni, gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ lè sọ nù dání. Èmi máa ń wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Tí ẹ bá jáde tán, ẹ wo odò kékeré tó wà lẹ́yìn, Adi Ganga. Ojú ibi tí odò ńlá ń gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn kó tó yí ọ̀nà padà. Ó ti dúdú, ó ń rùn, ó dà bíi gọ́tà. Àwọn ènìyàn ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀ níbẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n, mi ò rẹ́rìn-ín.

ÌyáAláàpò
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti kà á tán, mo sì kà á sí etí baálé mi. Ọ̀rọ̀ ahọ́n yẹn pa á lẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ obìnrin tó ń gé ahọ́n jẹ torí ó ṣẹ ọkọ. Mo ti yí ọjọ́ padà, mo máa lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Àdídùn tí wọ́n bá fún mi padà, ṣé dandan ni kí n jẹ ẹ́? Ìkejì, tó bá bọ́ sí àsìkò nǹkan oṣù mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́
Ìkejì: ní tẹ́ḿpìlì púpọ̀ ní Íńdíà, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ̀. Èmi á dúró síta.

ỌmọBọ́ọ̀lù_Kolkata
Àkọ́kọ́: kò sí dandan. Wọ́n á fi síwájú ìyá, wọ́n á dá díẹ̀ padà fún yín, prasad lorúkọ rẹ̀. Pera ni, wàrà tí wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà títí tó fi dì. Ó dùn. Ẹ má ṣe sọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú wọn ṣáá. Tí ẹ ò bá jẹ ẹ́, ẹ fún ọmọdé lójú ọ̀nà.

Àárọ̀ Mọ́ńdè dára gan-an. Nǹkan bí aago 5 ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń tì í kí ìyá lè jẹun kó sì sinmi, títí di ìrọ̀lẹ́.

Olóyè_Ìjẹ̀bú
Òdòdó tí wọ́n máa tà fún yín, ìṣápá pupa ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe zobo. Kali fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo òdòdó lọ.

Tíṣà_Ìtàn
Ìbátan ìṣápá ni, Olóyè, kì í ṣe ìṣápá. Joba ni wọ́n ń pè é. Èyí tó máa ń wà lára ọgbà ilé wa tó ń yọ okùn gígùn láàárín ni. Ẹ má fi ṣe zobo o.

ÌyáAláàpò
Mo ti padà dé Mushin láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo lọ ní Mọ́ńdè. Aago 6 kọjá díẹ̀ ni mo dé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, òtútù wà. Arákùnrin ỌmọBọ́ọ̀lù, Ọlọ́run á fi gòólù kún ẹsẹ̀ ẹ. Obìnrin kan ló gba bàtà mi, ó ta òdòdó àti pera fún mi ní 100 rúpì lẹ́yìn tí mo ṣe bí ẹni tó ń lọ. Ó wo gèlè mi títí, ó wá pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wò ó. (Mo mọ̀ pé ẹ ò sọ pé kí n wé gèlè. Mo wé e.)

Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun mẹ́ta ló bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń fi Yorùbá dá wọn lóhùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mi ò rà." Wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ìlà kò gùn, ó tó ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí a ṣe súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa di ọ̀kan. Ìyá arúgbó kan dì mí lápá mú láti ẹ̀yìn, kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n, a jọ wọlé bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé màá rí èèyàn odindi. Ojú ni mo rí. Òkúta dúdú, ojú mẹ́ta tó tóbi pupa, ahọ́n wúrà tó gùn wá sílẹ̀, ìyókù ti bò mọ́ abẹ́ òdòdó. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n ti tì mí jáde. Mo ti múra ohun tí mo máa rò níbẹ̀. Mi ò rò ó. Ohun tó kàn jáde lẹ́nu mi ni "Ẹ káàárọ̀, Mà." Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ pàápàá.

Baálé mi ní ìyẹn gan-an lòun bẹ̀rù.

Mi ò rí òbúkọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo yí ẹ̀yìn padà, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, ó gba ẹ̀mí mi là.

Sísí_Ojúẹlẹ́gbà
Fífi Yorùbá dá wọn lóhùn! Kí ló dé tí mi ò ronú kan ìyẹn.

Alágbàdúrà_Àfẹ̀mọ́jú
A dúpẹ́ pé ẹ dé láyọ̀. Pera yẹn ńkọ́?

ÌyáAláàpò
Mo fún arúgbó tó dì mí lápá mú ní méjì. Ìyókù wà nínú fìríìjì, mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ṣe. Ọmọ mi kékeré ti ń bi mí léèrè lójoojúmọ́.